Ẹni Tí Ó Da Ọ́ìlì Síwájú

Àwọn àgbà wí pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Wọn kò sọ ohun tí ẹni tí ó da ọ́ìlì síwájú yóò tẹ̀, nítorí pé ní ayé ìgbà tiwọn kò sí ọkọ̀ nínú ọgbà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn fèrèsé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá la àdúgbò Badarawa ní ìlú Kàdúná kọjá ní òwúrọ̀ Sátidé, pàápàá lẹ́yìn òjò, yóò rí ìdáhùn náà nílẹ̀: ilẹ̀ dúdú tí ń dán ní ẹnu ọ̀nà, koríko tí ó ti kú lẹ́bàá gọ́tà, àti àwọ̀ bí ti òṣùmàrè tí ń léfòó lójú omi.

Ohun tí ó fa èyí kò ṣòro láti mọ̀. Ọ̀pọ̀ baálé ilé, tí àwọn ọmọ Yorùbá kò gbẹ́yìn nínú wọn, ni ó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ fúnra wọn nínú ọgbà ilé. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò burú. Owó kò rọrùn. Ẹni tí ó bá sì ṣe é fúnra rẹ̀ mọ̀ dájú pé ọ́ìlì tí òun rà ni ó wọ inú ẹ́ńjìnnì òun. Kàdúná kì í kúkú ṣe ìlú tí ọkọ̀ jẹ́ àjèjì sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní ọdún 1975, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà ni ó sì ti mọ sípánà í dì mú láti kékeré. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè bá olówó ọkọ̀ wí pé ó ń tọ́jú ohun ìní rẹ̀. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣe é ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò.

Bí wọ́n ti sábà máa ń ṣe é nìyí. Wọn á fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè, wọn á fi òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù há a nídìí, baálé ilé á sì rá pálá wọ abẹ́ rẹ̀. Yóò tú bóòtù tí ó wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gbígbóná yóò sì tú yàà sí i lọ́wọ́. Bàsíà tí wọ́n gbé síbẹ̀ kò fẹ̀ tó. Ìdajì á bọ́ sínú rẹ̀, ìyókù á bọ́ sórí yanrìn. Lẹ́yìn èyí, a ó gbé èyí tí ó wà nínú bàsíà lọ dà sí gọ́tà, tàbí sí ìdí ògiri, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìtùnú kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ilẹ̀ yóò mu ún.

Ilẹ̀ a máa mu ún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í jẹ ẹ́ tán. Ọ́ìlì tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì kò rí bí ó ti rí nínú agolo mọ́. Ó ti gba lẹ́búlẹ́bú irin tí ẹ́ńjìnnì ń fà, ó sì ti gba oró tí ń jáde lára epo tí ó jóná. Kì í tètè jẹrà. Bí òjò bá ti ń rọ̀, a máa bá àgbàrá lọ síbi tí ilẹ̀ bá ti dà. Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo àyíká ti sọ ọ́ di mímọ̀ pé ọ́ìlì tí a tú lára ọkọ̀ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan péré lè ba gálọ́ọ̀nù omi 1,000,000 jẹ́, èyí tí ó tó ènìyàn 50 lò fún ọdún kan gbáko. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn sì ti kìlọ̀ tipẹ́ pé bí irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ bá ń kan awọ ara léraléra fún ọdún púpọ̀, ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ.

Ní Badarawa, ọ̀rọ̀ omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Òótọ́ ni pé iléeṣẹ́ omi Malali kò jìnnà sí àdúgbò náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni ó jẹ́ pé kànga inú ọgbà ni wọ́n gbójú lé, tàbí kẹ́ẹ̀gì omi tí àwọn mẹ́rúwà ń fi ọmọlanke tì kiri. Kànga náà kò ju ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan lọ sí ibi tí ọkọ̀ dúró sí. Kì í sì í ṣe ti ẹnìkan. Hausa ń fa níbẹ̀, Gbagyi ń fa níbẹ̀, Ígbò ń fa níbẹ̀, ọmọ Yorùbá náà ń fa níbẹ̀. Bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, tàbí bí ó bá ń ní ọ̀rá lójú, ẹni tí kò ní ọkọ̀ rárá ni yóò kọ́kọ́ máa ronú ohun tí òun ṣe. Omi kò ní ọ̀tá, gẹ́gẹ́ bí òwe ti wí, ṣùgbọ́n ọ́ìlì dúdú ti fẹ́ sọ òwe náà di irọ́.

Ọ̀ràn yìí kan ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní ẹ̀yìn odi ní ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìn-ín-ní ni ti orúkọ. Ní ilẹ̀ àjò, a kì í dárúkọ ẹnìkan ṣoṣo tí ó ṣe àṣemáṣe. Ẹ̀yà rẹ̀ ni a máa ń dá. Bí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé bá bàjẹ́, àwọn aládùúgbò kò ní wí pé Lágbájá ni ó bà á jẹ́. Wọn yóò wí pé àwọn Yorùbá ni. Ọ̀nà kejì ni ó tilẹ̀ wúwo jù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń pè ní àlejò ní Badarawa kì í ṣe àlejò mọ́. Ibẹ̀ ni a bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, omi ibẹ̀ ni wọ́n sì fi wẹ ọmọ tuntun. Ẹni tí ó bá ń da ọ́ìlì sílẹ̀ níbẹ̀ kò ba omi onílùú nìkan jẹ́. Ife omi ọmọ rẹ̀ ni ó ń bù sí.

Àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó bẹ́ẹ̀ yóò rántí ọ̀ràn Kókó ní ọdún 1988, nígbà tí ó hàn pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá sí ìlú èbúté náà, ní Ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà, tí ó ti di Ìpínlẹ̀ Delta. Gbogbo Nàìjíríà ni ó bínú, ìbínú náà sì tọ́. Ní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin líle lórí ìdọ̀tí olóró, tí ó sì dá iléeṣẹ́ tí yóò máa bójú tó àyíká sílẹ̀. Ìbéèrè kan ni ó kù: bí àjèjì bá da májèlé sí ẹ̀yìnkùlé ẹni tí a sì figbe ta, kí ni a ó pe baálé ilé tí ń da tirẹ̀ sẹ́bàá kànga ní lítà mẹ́rin mẹ́rin?

A kò wí èyí láti ní kí olówó ọkọ̀ má ṣe tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ nílé mọ́. Ọ̀nà tí ó mọ́ wà. Ẹ̀rọ kan ni ó ń jẹ́ páńpù tí ń fa ọ́ìlì, àwọn tí ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe sì ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́, nítorí pé àyè kì í sí lábẹ́ ẹ́ńjìnnì wọn. Èyí tí a ń fi ọwọ́ fà kò lò iná mànàmáná. Kò ju kẹ́ẹ̀gì tí ìdérí rẹ̀ dí pinpin lọ, pẹ̀lú ọwọ́ ìfà bíi ti páńpù táyà kẹ̀kẹ́, àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan. A ó tan ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ọ́ìlì lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ó má sì gbóná jù. A ó pa á, a ó yọ ọ̀pá géèjì, a ó sì ti rọ́bà náà bọ ojú ihò géèjì títí yóò fi kan ìsàlẹ̀. Bí a bá ti fa ọwọ́ páńpù ní ìgbà bíi mélòó kan, afẹ́fẹ́ yóò ti jáde kúrò nínú kẹ́ẹ̀gì, ọ́ìlì yóò sì máa gòkè wá fúnra rẹ̀, bí ọmọdé ti ń fi ìgò àti sítíróò mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kò sí jáàkì, kò sí òkúta, kò sí ẹni tí ó sùn sábẹ́ irin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì náà ní àmì ìwọ̀n lára, tí olówó ọkọ̀ yóò fi mọ̀ bóyá iye tí ó yẹ kí ó jáde ni ó jáde. Fún jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ náà tilẹ̀ rọrùn jù, nítorí pé ojú ihò tí a ń bu ọ́ìlì sí ni rọ́bà yóò gbà wọlé.

Àwọn kan yóò wí pé páńpù kì í fa gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ tán. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ojú géèjì wọn kò jẹ́ kí rọ́bà kan ìsàlẹ̀, àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé mìíràn kò tilẹ̀ ní ọ̀pá géèjì rárá. Fítà ọ́ìlì pàápàá, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, abẹ́ ni a ti ń tú u. Nítorí náà, páńpù kò wá gba oúnjẹ lẹ́nu mẹkáníìkì. Ó ṣì yẹ kí ọkọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó tú bóòtù ìdí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wo ohun tí ń jò. Mẹkáníìkì tí ó gbọ́n tilẹ̀ lè ra páńpù tirẹ̀, kí ó máa gbé e lọ bá oníbàárà nílé.

Ṣùgbọ́n páńpù nìkan kò tó. Ẹni tí ó bá fi páńpù fa ọ́ìlì ní mímọ́ tónítóní, tí ó sì tún lọ dà á sí gọ́tà, asán ni ó ṣe. Inú agolo tí ọ́ìlì tuntun ti jáde ni kí ti àtijọ́ padà sí, kí a dé e pa, kí ó sì jìnnà sí ọwọ́ ọmọdé. Àwọn káfíńtà ń wá a láti fi kun igi àjà nítorí ikán. Àwọn tí ń mọ búlọ́ọ̀kù ń fi í pa mọ́ọ̀dù lára. Kí a má ṣe gbé e fún ẹni tí a kò mọ ohun tí yóò fi ṣe, kí ó má baà fi aṣọ sẹ́ ẹ kí ó tún padà wá sọ́jà ní ọ́ìlì tuntun. Èyí tí ó dára jù lọ ni kí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ní ẹ̀rọ láti tún un ṣe. Iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tí a mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan ṣírò rẹ̀ pé ọ́ìlì àlòkù gálọ́ọ̀nù 1 ń pèsè ọ́ìlì tuntun tí ó jẹ́ pé gálọ́ọ̀nù epo rọ̀bì 42 ni ìbá mú irú iye bẹ́ẹ̀ jáde. Kàdúná yẹ kí ó mọ iyì ọ̀rọ̀ yìí ju ìlú mìíràn lọ, nítorí pé nígbà tí wọ́n kọ́ ẹ̀ka tí yóò máa ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí iléeṣẹ́ ìfọpo ìlú náà, epo rọ̀bì wíwúwo láti òkè òkun ni wọ́n ní láti kó wá fún un, tiwa fúyẹ́ jù fún iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ la òkun kọjá ni à ń dà sí gọ́tà.

Ọ̀rọ̀ owó kò yẹ kí ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Páńpù kan tó ilé mẹ́wàá, nítorí pé kò sí ẹni tí ń pààrọ̀ ọ́ìlì lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ Yorùbá kò gbàgbé èsúsú sílé nígbà tí wọ́n ń bọ̀ ní òkè ọya. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wà, ìpàdé àwọn ayálégbé wà. Bí ẹgbẹ́ bá lè ra àga àti àtíbàbà fún ìnáwó, yóò lè ra páńpù kan àti àgbá kan tí a ó máa kó ọ́ìlì àlòkù sí. Ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ipa tirẹ̀ láti kó: kí ó pèsè ibi kan tí a lè gbé àgbá náà lọ, nítorí pé ènìyàn kì í pa ìdọ̀tí mọ́ títí láé nígbà tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Kí onílé àti ayálégbé ní Badarawa bẹ̀rẹ̀ láti Sátidé tí ń bọ̀. Ọmọ tí yóò mu omi kànga náà lọ́la kò ní béèrè irú ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ wà. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ni yóò tẹ̀.