Ta Ni Owó Ìtanràn Tọ́ Sí?

Bí oṣù Ramadan bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ ṣúgà a máa gba ẹnu àwọn ìyá ní Ajégúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Àpápá, ìtòsí wọn níbẹ̀, ni a ti ń fọ púpọ̀ nínú ṣúgà tí Nàìjíríà ń lò. Ní ọdún 2021, Abdul Samad Rabiu, alága BUA, fi ẹ̀sùn kan àwọn olórí Dangote àti Flour Mills pé wọ́n fẹ́ gbé iye owó ṣúgà ga nínú oṣù ààwẹ̀. Àwọn yẹn ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ FCCPC, tí ìjọba àpapọ̀ fi ń ṣọ́ ìdíje ọjà àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, kéde ìwádìí.

Kì í ṣe ẹni tí ó jàre ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bí a bá tilẹ̀ dá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́bi, ta ni yóò gba owó náà?

Òfin ọdún 2018 tí ó dá àjọ náà sílẹ̀ ka àdéhùn ìkọ̀kọ̀ lórí iye owó léèwọ̀. Ní oṣù December 2023, British American Tobacco gbà láti san mílíọ̀nù 110 dọ́là. FCCPC sọ pé ó ń fìyà jẹ àwọn onísọ́ọ̀bù tí wọ́n bá fún ọjà ẹlòmíràn láyè kan náà. (Kò sí Mùsùlùmí tí yóò sunkún nítorí oníṣìgá.) Ìtanràn ni owó náà, ti ìjọba ni, kì í ṣe owó gbà-má-bínú fún onísọ́ọ̀bù.

Lóòótọ́, òfin gba ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ láyè láti lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ra ṣúgà inú ọ̀rá ní ọjà Boundary láti fi mu ògì ní àkókò sààrì, kò gba rìsíìtì. Náírà díẹ̀ ni wọ́n gbà lórí rẹ̀. Owó ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ lọ́yà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí muhtasib ayé àtijọ́ kì í fi í dúró de olùpẹ̀jọ́ kí ó tó tún ọjà ṣe. Ànábì (S.A.W.) kọ̀ láti dá iye lé ọjà nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n Ibn Taymiyyah ṣàlàyé pé bí ọjà bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn díẹ̀ tí wọ́n ń ni ará ìlú lára, ó di dandan kí aláṣẹ dá sí i.

Ní Amẹ́ríkà, òfin kan ní ọdún 1976 fún agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ ní agbára láti pẹjọ́ ní orúkọ àwọn ará ìlú rẹ̀. Kóòtù lè ṣírò àdánù gbogbo wọn pọ̀ láìbéèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1977, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ wọn dín àǹfààní kù fún ẹni tí kò rà tààrà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ará Ajégúnlẹ̀ kì í rà tààrà lọ́wọ́ Àpápá. Nítorí náà, bí àwọn aṣòfin Àbújá yóò bá wo àwòkọ́ṣe náà, kí wọ́n sọ ọ́ kedere pé ẹni tí ó rà gbẹ̀yìn ni ó jẹ̀yà jù, kí owó tí a kò bá rí olówó rẹ̀ sì padà sí àdúgbò tí a ti kó o, fún omi àti ilé ìwòsàn.

Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè máa kọ iye tí ọ̀rá ṣúgà kan jẹ́ ní Boundary sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti oṣù Ṣàbáànì títí di ọjọ́ ìtúnu, kí ẹ sì fi í ṣọwọ́ sí FCCPC ní orúkọ gbogbo àdúgbò.