Ta ló ní kí a má lọ síbi ìpolongo ìbò?

 Láti ọjọ́ tí àwọn kan ti rí wa níbi ìpolongo ìbò ni wọ́n ti ń bú wa. Wọ́n ní ebi ló gbé wa lọ, wọ́n ní ọmọlúàbí kì í kó ìyá àti ọmọ lọ sí irú ibẹ̀.

Òótọ́ ni, a lọ. Ìyá wa àgbà gun zẹ́míjàn, àwa yòókù fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n pín ẹ̀wù, èyí tí àbúrò wa gbà kò tilẹ̀ bá a mu. Oòrùn pa wá kí wọ́n tó dé. Ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ń sọ Faransé ṣáá, títí Ìyá fi pariwo pé, "Ẹ bá wa sọ èdè tí a gbọ́!" Gbogbo èrò pàtẹ́wọ́, ọkùnrin náà sì yí i sí Yorùbá. Ẹni tó fẹ́ lọ máa ṣòfin lé wa lórí gba àṣẹ lẹ́nu ìyá arúgbó. Ṣé ebi nìyẹn?

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a jókòó sílé, ṣé ẹ ti gbàgbé ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019 ni? Ẹgbẹ́ méjì péré ló wà lórí ìwé ìbò, méjèèjì ń ti ìjọba lẹ́yìn, wọ́n sì tún pa íntánẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ náà. Ìyá ní ó dà bí ayé Kérékou, nígbà tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ń dá ìlú ṣe. Ní ti ìbò ọdún 2023, ẹgbẹ́ méje ni. Àga 109 ni wọ́n dù nígbà náà, obìnrin ló ni 24 nínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin ìbò ọdún 2023 yẹn, ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò jákèjádò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kò lè rí àga kankan, bí gbogbo Kétu tilẹ̀ dìbò fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àìjáde dìbò halẹ̀, ta wá ni ẹ ń fìyà jẹ?

A ò sọ pé wọn ò ní purọ́ fún wa. Wọ́n ṣèlérí omi àti ọ̀nà. A ti gbọ́ ọ rí. Àmọ́ bí a ti ń bọ̀ wálé, ọmọ wa, ọmọ ọdún 11, béèrè ìgbà tí òun náà máa dìbò. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè irú ẹ̀ nílé wa. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 8 oṣù kìíní ọdún 2023, la pinnu láti tò. Ìyá ti so káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ mọ́ etí ìró.