Ìdákẹ́ Àwọn Tí Ń Lọ Kẹ́kọ̀ọ́ Ní Òkè-Òkun

Àsìkò tí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì ń palẹ̀ mọ́ láti lọ gba oyè kejì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta ọdún, títí di oṣù kẹsàn-án tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn. Iṣẹ́ tí ń bẹ níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò kéré. Yóò padà sí yunifásítì tí ó ti jáde láti gba àkójọ èsì ìdánwò rẹ̀, níbi tí wọn yóò ti máa wí fún un pé kí ó padà wá lọ́la. Yóò wá ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ rẹ̀ jáde. Yóò sọ páásìpọ́ọ̀tù rẹ̀ di ọ̀tun. Yóò lọ ya àwòrán àyà, kí àwọn oníṣègùn lè jẹ́rìí pé kò ní ikọ́ ife. Lóru, yóò máa ṣírò owó títí oorun yóò fi dá lójú rẹ̀. Gbogbo èyí ni yóò ṣe tí aládùúgbò kò ní gbọ́, tí àbúrò bàbá rẹ̀ kò ní gbọ́, tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pàápàá lè má gbọ́, títí di ọjọ́ tí àwòrán rẹ̀ yóò jáde nínú ẹ̀wù òtútù, tí ó dúró lẹ́bàá ọkọ̀ ojú irin Òyìnbó.

Ìdákẹ́ yìí ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí a rí i pé ó ń tú ilé púpọ̀ ká.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Ẹni tí ó bá tú ìwé ìròyìn ìlú Èkó ti nǹkan bí 1930 sí 1950 wò yóò bá orúkọ àti àwòrán àwọn tí ń lọ sí Ìlú Ọba níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ kọ́. Ẹgbẹ́ a ṣe àpèjẹ ìdágbére, ará ilé a sì sin ọmọ dé etí omi, kí ọkọ̀ Elder Dempster tó gbé e lọ sí Liverpool, ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. A kò sọ pé àṣehàn kò sí nínú rẹ̀. Ó wà, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dá owó mọ ohun tí òun dá owó sí. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn Ibibio rán ọmọ wọn mẹ́fà lọ sí òkè-òkun ní 1938, owó tí ìlú dá ni wọ́n fi rán wọn, ojú ìlú sì wà lára wọn. Bákan náà ni àwọn tí ó ṣáájú ń gbúròó àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ládiípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, tí ó lọ sí London ní 1922 láti kọ́ ìmọ̀ òfin, wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní 1925. Ní 1933 ẹgbẹ́ náà ṣí ilé ìgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden Town, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ kò fẹ́ gba ènìyàn dúdú sílé. Ẹni tí ó fi ìrìn-àjò rẹ̀ pamọ́, ta ni yóò mọ̀ pé ó yẹ kí òun pèsè àyè sílẹ̀ dè é?

A mọ ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ òde òní fi ń panu mọ́, a kò sì ní fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn àgbà ni ó kọ́ wọn pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó kéde pé òun ń lọ, tí wọ́n sì kọ̀ láti fún un ní físà, yóò di ẹni àfọwọ́tọ́ka sí ní àdúgbò. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ tí ó bá gbọ́ lè gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ kí oṣù tó pé. Ẹ̀rù ayé sì ń bẹ pẹ̀lú, èyí tí a kò ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú níhìn-ín. Síbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn má pariwo ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ní ọjà, ọ̀tọ̀ ni kí ó fi í pamọ́ fún ẹni tí yóò bá a san gbèsè.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti owó, nítorí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́tọ̀. Owó oúnjẹ àti ilé gbígbé wà lọ́tọ̀: ní January 2025, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí ẹni tí yóò kẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀yìn òde London fi hàn pé òun ní pọ́n-ùn 1,136 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, títí dé oṣù mẹ́sàn-án, iye náà sì ti tún gòkè láti ìgbà náà. Owó yìí gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 gbáko láìdín. Owó ìtọ́jú ìlera, tí ó ti di pọ́n-ùn 776 fún ọdún kan fún akẹ́kọ̀ọ́ láti February 2024, wà lọ́tọ̀ pẹ̀lú, wọn kì í sì í dá a padà nítorí pé ara ẹni le. Ìdílé wo ni ó ní irú owó yìí nílẹ̀? Oko kòkó bàbá ni, tàbí ilé tí a fi dógò, tàbí owó tí ìyá yá ní kọpúrétíìfù, tàbí àjọ tí ẹ̀gbọ́n kó, tí kò tíì parí.

Owó tiwa náà kò sì dúró lójú kan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ June 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí náírà 470 ní iye tí ìjọba là sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ń rí i rà ní iye náà. Nígbà tí ó fi di February 2024, ó ti kọjá 1,500. Ẹni tí ó ti ṣírò pé dọ́là 5,000 tí ó kù fún òun láti san kò ju náírà 2,350,000 lọ, ó jí bá a ní 7,500,000. Ní May 2024 ni ìròyìn kàn pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti yọ àwọn ọmọ Nàìjíríà kan tí kò rí owó san lásìkò, tí a sì ní kí wọ́n fi ìlú náà sílẹ̀. Bí òfin wọn ti rí nìyẹn: ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá yọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọlé láti òkè-òkun gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba, ìjọba yóò sì gé físà rẹ̀ kúrú.

Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n tí a kò pè nígbà tí a ń ta ilẹ̀ ni a ó wá bẹ̀ lóru pé kí ó wá owó. Òun náà yóò bèèrè pé ilẹ̀ wo ni ẹ tà? Ilẹ̀ ẹbí ni! Gbogbo wa ni a mọ̀ pé àṣà àti òfin wa kò gbà kí ẹnì kan ṣoṣo ta ilẹ̀ ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà inú rẹ̀ fọwọ́ sí i. Báyìí ni ẹ̀kọ́ ọmọ ṣe ń di ẹjọ́ ní kóòtù, tí ọmọ ìyá kan náà kì í sì í kí ara wọn mọ́.

Inú òkùnkùn yìí kan náà ni àwọn éjẹ́ǹtì búburú ti ń rí jẹ. Wọn a wí fún ọmọ pé kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni, ọmọ a sì rò pé ìfẹ́ ni. Wọn a yá a ní owó tí yóò fi han àwọn Gẹ̀ẹ́sì, wọn a gba èlé lórí rẹ̀, wọn a sì kó owó náà jáde kúrò ní báńkì ní kété tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí. Ọmọ yóò wá gúnlẹ̀ sí ìlú òtútù pẹ̀lú ìwé báńkì tí ó dára àti àpò òfìfo. Bí àṣírí bá sì tú pé ẹnì kan fi ìwé èké wá físà, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 10. Ìbéèrè kan ṣoṣo láti ẹnu àbúrò bàbá tí ó mọ̀wé ìbá ti tú irú éjẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ fó.

Ti tọkọtaya ni ó dùn wá jù. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní January 2024, àwọn tí ń lọ gba oyè kejì tí a ń kọ́ni ní kíláàsì kò lè mú aya tàbí ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́ lórí físà wọn, àyàfi ìwọ̀nba àwọn tí ìjọba ni ó ń sanwó wọn. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ìjìnlẹ̀ ni a fi àyè sílẹ̀ fún. Síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ ti ìgbéyàwó tí a ń fi ìkánjú ṣe ní kóòtù, tí a sọ fún ìyàwó pé yóò tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ láìpẹ́. Ó yẹ kí ọmọbìnrin náà fi ojú ara rẹ̀ ka òfin yìí kí ó tó fi ọwọ́ sí ìwé. Bí ó bá kà á, tí ó sì gbà láti dúró dè é, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

Àwọn onídùúró ní kọpúrétíìfù ńkọ́? Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ òfurufú láìsan owó tí ó yá, owó oṣù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọn yóò máa gé. Olè ni a ń pe èyí láyé àtijọ́, a kò sì rí orúkọ mìíràn tí a lè fún un.

Ohun tí a ń bèèrè kò pọ̀. Kí ọmọ tí ń lọ pe àwọn tí owó wọn wà nínú ìrìn-àjò yìí jọ, àti ẹni tí yóò máa tọ́jú ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó ka lẹ́tà tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ sí i sí etí wọn ní Yorùbá. Kí ó sọ iye tí ó ti san, iye tí ó kù, àti ibi tí yóò ti rí i bí náírà bá tún wó lulẹ̀. Kí ó bá ẹnì kan tí ó ti ṣáájú dé ìlú náà sọ̀rọ̀ nípa ilé àti iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí, bí ó bá fẹ́ kí àdúgbò má gbọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Ẹ̀yin àgbà náà, ọ̀rọ̀ kàn yín. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni ìbá sọ̀rọ̀ bí kò bá ṣe pé ohun tí wọ́n sọ fún bàbá ní àárọ̀ ti di orin ní ìsọ̀ aláta kí ó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí a bá pè sí irú ìpàdé yìí kí ó di ẹnu rẹ̀ mú. Bí wọn kò bá sì fún ọmọ ní físà, kí a má ṣe jẹ́ kí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wa pé a ti sọ tẹ́lẹ̀.

Àyè ìpàdé náà wà dáadáa. Ènìyàn lè kọ̀wé wá físà akẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀, ìwé-ẹ̀rí ikọ́ ife náà sì ń lò fún oṣù mẹ́fà. Nítorí náà, kí a tó san owó àkọ́san fún ilé-ẹ̀kọ́ ni kí a ṣe é, nígbà tí a ṣì lè dá ọwọ́ dúró, kí ó má jẹ́ alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ ti di ẹrù sílẹ̀ fún ìrìn Ìkẹjà.