Pípa Iná Bátìrì Ọkọ̀ Láti Òkèèrè: Ibi Tí Ààbò Wà àti Ibi Tí Ewu Wà

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Òye yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn fi ń gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ rìwáyà, kí ó lè bá wọn so ẹ̀rọ tí wọn yóò fi máa pa iná bátìrì ọkọ̀ láti orí fóònù bí olè bá jí i gbé. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ọkọ̀ kì í ṣe ohun afẹ́ lásán fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Òun ni awakọ̀ èrò láti Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde fi ń bọ́ ọmọ. Òun ni oníṣòwò Ọ̀tà fi ń kó ọjà. Ẹlòmíràn kò sì tíì san gbèsè tí ó fi rà á tán. Bí olè bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, oúnjẹ òòjọ́ ni ó gbé lọ.

Nítorí náà, kò sí àríyànjiyàn pé ó yẹ kí a dáàbò bo ọkọ̀ wa. Ohun tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni irú ààbò tí a ń fi owó wa rà. Èrò wa ni pé ẹ̀rọ yìí wúlò púpọ̀ láti mú kí ọkọ̀ tí ó dúró má lè gbéra. Ṣùgbọ́n bí a bá lò ó láti dá ọkọ̀ tí ó ń sáré dúró, ó lè gba ẹ̀mí níbi tí a ti fẹ́ gba dúkìá là.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ náà kò díjú. Àpótí kékeré kan ni, tí ó ní káàdì SIM bíi ti fóònù, tí ó sì ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì kí ó lè mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Bí ẹni tí ó ni ọkọ̀ bá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, àpótí náà yóò pàṣẹ fún swíìṣì kékeré kan pé kí ó já iná. Ibi mẹ́ta ni a lè so swíìṣì yìí mọ́: wáyà ńlá tí ó ti ara bátìrì wá, wáyà ẹ̀rọ tí ó ń fa epo bẹntiróò láti inú táńkì, tàbí wáyà tí a fi ń sítáàtì ọkọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń pè ní ẹ̀rọ apa-ọkọ̀-láti-òkèèrè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá wà ní pípa, bátìrì nìkan ni ó ń fún ọkọ̀ ní iná; bí a bá já a, ọkọ̀ kò ní sítáàtì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, alternator ni ó ń pèsè iná, òun náà ni ó sì ń fi iná kún bátìrì. Ẹni tí ó bá já bátìrì nìkan nígbà tí olè ti ń wa ọkọ̀ lọ lè rí i pé ẹ́ńjìnnì kò kú rárá. Ohun tí ó tún lè ṣẹlẹ̀ ni pé agbára iná yóò ru sókè lójijì, nítorí pé bátìrì tí ó ń gbà á mọ́ra kò sí níbẹ̀ mọ́, yóò sì ba kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ jẹ́. Olè ti lọ. Bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ padà wá, owó àtúnṣe ń dúró de ẹni tí ó ni ín.

Jíjá iná ẹ̀rọ tí ó ń fa epo yàtọ̀ sí èyí. Ìyẹn a máa pa ẹ́ńjìnnì pátápátá, ìbáà jẹ́ pé ọkọ̀ dúró tàbí ó ń lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu tí ó tóbi jù wà. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré, sítíárìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yóò wúwo, bíréèkì yóò sì le lẹ́yìn tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ nígbà díẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo èyí ní òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní alẹ́, tí tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn. Olè nìkan kọ́ ni ìjàǹbá náà yóò kàn. Yóò kan èrò inú bọ́ọ̀sì àti ọmọ tí ń ta búrẹ́dì létí títì. Bí ó bá sì jẹ́ pé adigunjalè ni ó gbé ọkọ̀ lọ pẹ̀lú ènìyàn nínú rẹ̀, ẹni tí ó tẹ fóònù kò lè mọ orí ẹni tí ìbínú wọn yóò já lé.

Èyí tí ó bójú mu jù lọ ni ti wáyà sítáàtì. Kì í fọwọ́ kan ọkọ̀ tí ó ń lọ. Yóò dúró de ìgbà tí olè bá pa ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ kò ní jíṣẹ́ mọ́, àpótí yóò sì máa sọ ibi tí ó wà.

Ẹ̀rí wà láti òkè òkun pé dídínà sítáàtì ń ṣiṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Kẹwàá ọdún 1998 ni ó ti di dandan pé kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ẹ̀rọ tí kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ bí kì í bá ṣe kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ni a lò. Òfin Amẹ́ríkà kò sọ ọ́ di dandan. Nínú àwọn ọkọ̀ ọdún 2015 níbẹ̀, ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún oríṣi ọkọ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ṣe ni ó ní ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ìdá 26 péré ni nínú ti Hyundai àti Kia. Nígbà tí ó fi di ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi bí a ṣe ń jí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí han ara wọn lórí ìkànnì ayélujára, olè jíjà náà sì gbilẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó wà lójú pópó wa, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó wọn wá.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 2010, ní ìlú Austin ní Texas, òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n lé kúrò níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ wọ inú ètò tí wọ́n fi ń ṣàkóso ọkọ̀ àwọn oníbàárà, ó sì mú kí ọkọ̀ tí ó ju 100 lọ kọ̀ láti sítáàtì. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ẹ̀rọ atọpasẹ̀ kan tí a ń pè ní MiCODUS MV720, nítorí pé àlébù inú rẹ̀ lè jẹ́ kí àjèjì já epo ọkọ̀ láti òkèèrè. Nọ́ńbà aṣínà tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti ilé-iṣẹ́ ni 123456. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ti fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ sí àárín ọjà.

Ẹ̀rọ náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí owó bá tán lórí káàdì SIM inú rẹ̀, tàbí tí wọ́n bá tì í nítorí pé a kò so ó mọ́ nọ́ńbà NIN, kò ní gbọ́ àṣẹ. Bí ọkọ̀ bá ti ré bodè Ìdìrókò kọjá sí orílẹ̀-èdè Benin, nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà lè fi í sílẹ̀. Olè tí ó bá mọ ibi tí àpótí wà yóò kàn tú u dànù ni.

Ìdí nìyí tí àkọsílẹ̀ ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún 2024, Ilé-iṣẹ́ Ọlọ́pàá Nàìjíríà kéde ètò àkọsílẹ̀ ọkọ̀ orí ayélujára tí a mọ̀ sí e-CMR, wọ́n sì sún ìmúṣẹ rẹ̀ tí ìbá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, síwájú lẹ́yìn tí àwọn ará ìlú fi ẹ̀hónú hàn. Ohun yòówù kí èrò wa jẹ́ lórí owó rẹ̀, òótọ́ kan dúró: ọkọ̀ tí a kò mọ nọ́ńbà ṣaṣí rẹ̀ ṣòro láti gbà padà, ìbáà tilẹ̀ wà níwájú wa.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ wa pé kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rìwáyà wáyà tí yóò so ẹ̀rọ mọ́, kí ẹ sì yan ti sítáàtì. Ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà aṣínà lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọkọ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà ṣaṣí, tí í ṣe lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, sínú ìwé kan nílé. Bí olè bá gbé ọkọ̀, ẹ pe 112, ẹ sọ ibi tí ẹ̀rọ ń fi hàn, kí ẹ sì fi lílépa rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá. Bí ènìyàn bá wà nínú ọkọ̀ náà, tàbí tí ọkọ̀ bá ń sáré, ẹ má ṣe pa á. A lè wá owó ra ọkọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.