Ẹ Má Bú Ẹni Tó Kó Ọmọ Rẹ̀ Lọ sí Yúróòpù, Igbó-Ọrà Ni Kí Ẹ Tún Ṣe

Nígbàkúùgbà tí àwọn ọmọ iléèwé bá gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, orin kan náà ni àwọn kan máa ń gbé jáde. Wọ́n á ní àwọn òbí tó ń kó ọmọ lọ wo Paris àti àwọn abúlé orí òkè ilẹ̀ Áústríà ń fowó ṣòfò, wọ́n á ní ṣé kò sí òkè àti odò nílẹ̀ Yorùbá ni? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀bi tí wọ́n ń dì ru òbí yìí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn tó yẹ kó dáhùn fún ipò tí Ìbàràpá wà ni orin náà ń bò mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó ná. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, 90 Yúrò ni àgbàlagbà kan ń san láti tọrọ ìwé àṣẹ ìwọ̀lú Schengen, ọmọ tó ti pé ọdún 6 tí kò tíì pé 12 ń san 45. Bàbá, ìyá àti ìbejì wọn ọlọ́dún mẹ́jọ yóò san 270 Yúrò kí wọ́n tó ronú kan owó ọkọ̀ òfuurufú, bí wọ́n bá sì kọ̀ wọ́n, owó náà ti wọgbó nìyẹn. Ta ni yóò mọ̀ọ́mọ̀ fara gba irú èyí bí kò bá mọ ohun tó ń lọ rà? Ẹwà nìkan kọ́ ló ń lọ rà. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ni: pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́ wà, pé ẹni tí yóò ṣàlàyé ibi tí wọ́n dé fún àwọn ọmọ wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lásán, pé kò sẹ́ni tí yóò dá wọn lọ́nà.

Ẹ wo Hallstatt, abúlé kan létí adágún ní Áústríà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún kan. Iyọ̀ ni wọ́n ti ń wà nínú òkè wọn láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, inú ihò iyọ̀ yẹn náà ni wọ́n ń mú àlejò wọ̀ lónìí, tí wọ́n sì ń gbowó. Àlejò pọ̀ débi pé ní ọdún 2023, àwọn ará abúlé náà ṣe ìwọ́de pé ó tó gẹ́ẹ́. (Ọmọ Áústríà náà ni Susanne Wenger, tó wá bá wa dáàbò bo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO fi kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Àjèjì rí ohun tí àwa ń fojú di.) N kò fẹ́ kí èrò ya bo Ìbàràpá tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni iyọ̀ fi ju ìbejì lọ?

Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, Dókítà P.P.S. Nylander ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí ìbímọ ní Igbó-Ọrà, ó sì rí i pé nínú ẹgbẹ̀rún ìbímọ, ó lé ní ogójì tó jẹ́ ti ìbejì. Èyí ju ìlọ́po mẹ́ta ohun tó wà ní Yúróòpù nígbà náà. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ilasa ló fà á, àwọn mìíràn ní iṣu ni. Sáyẹ́ǹsì kò tíì fọwọ́ sí èyíkéyìí.

Kí la wá fi ẹ̀bùn yìí ṣe? Láti ọdún 2018 ni àjọ̀dún ìbejì ti ń wáyé lóṣù Kẹwàá. Táyé àti Kẹ́hìndé á wọ aṣọ kan náà, àwọn olóṣèlú á sọ̀rọ̀, àwọn oníròyìn òkèèrè á ya fọ́tò. Tó bá dọjọ́ kejì, wọ́n á tú àtíbàbà, ìyá ìbejì tí fọ́tò rẹ̀ ti kárí ayé á sì padà sí oko tàbí sídìí ọjà rẹ̀. Ta ló san nǹkan kan fún un?

Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń wá wo Ìbàràpá. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá sí Igbó-Ọrà. Ní Ìdèrè, sòbìà ni àwọn olùwádìí wá wò, títí àjọ ìlera àgbáyé fi kéde ní 2013 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìlú tí wọ́n ti ń wò fún ọgọ́ta ọdún ti tó ẹni tó ń pèrò sílé, tó sì ń jèrè rẹ̀.

Èyí tó tiẹ̀ ń dunni jù ni ti ère ìbejì. Ó wà nínú British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n físà kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ṣé ó yẹ kí ọmọ Igbó-Ọrà sọdá òkun kó tó mọ ohun tí àwọn babańlá rẹ̀ gbẹ́ ní ìrántí ìbejì tó kú?

Ẹ má sọ pé kò ṣeé ṣe. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí Igbó-Ọrà, Òkè Olúmọ sì ní ẹnubodè, àtẹ̀gùn, ẹ̀rọ agbéniròkè àti àwọn afinimọ̀nà. Àwọn ìdílé ń san owó, wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń ra àdìrẹ nílé. Òkúta ni Olúmọ o. Èèyàn tó ń sọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, ni Igbó-Ọrà ní.

Mo mọ̀ pé wọ́n á mẹ́nu ba ààbò, wọn kò sì jayò pa. Ní òru ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgangan, wọ́n pa èèyàn tó lé ní mẹ́wàá, wọ́n sì dáná sun ààfin. Bàbá wo ni yóò kó ọmọ rẹ̀ gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ torí pé olóṣèlú kan ní kó fẹ́ràn ilé? Ààbò tí yóò mú àlejò wá náà ni àgbẹ̀ Ayétẹ̀ àti Tápà nílò kó tó lè lọ sóko. Ẹni tó bá pèsè rẹ̀ fún àgbẹ̀ ti pèsè rẹ̀ fún àlejò.

Nítorí náà, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàràpá ni ọ̀rọ̀ kàn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìbejì tó ń ṣí lójoojúmọ́ ni kí wọ́n fún Igbó-Ọrà, kí àwọn ìyá ìbejì dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí yóò máa gba ìpín nínú owó àbáwọlé, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ pólì Èrúwà ní iṣẹ́ afinimọ̀nà, kí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èrúwà sì ṣeé rìn tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Owó àtíbàbà àti ti ìlù àjọ̀dún kan ṣoṣo lè bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń bú arìnrìn-àjò, ẹ dáhùn ìbéèrè kan ná: bí ìdílé kan bá wa ọkọ̀ dé Igbó-Ọrà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kejì, tí kò sí àjọ̀dún, ilẹ̀kùn ta ni kí wọ́n kàn?