Ìyá Àgbà àti Ọmọ Ọ̀dọ̀

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ṣùgbọ́n ní Alágbàká, Àkúrẹ́, ibùjókòó ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó, iṣẹ́ ọba ti gbé ọmọ jáde láti òwúrọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni a fi ìyá àgbà tì. Bí ìyá bá wá ń pe ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú tipẹ́, kí ni ọmọ náà yóò ṣe? Bóyá yóò sá, yóò ní àjẹ́ ni ó ń jẹ́wọ́.

Àrùn ọpọlọ ni arán ṣíṣe. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti ti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1992 fi hàn ní 2001 pé nínú 1,000 àgbà tí ó ti pé 65 ọdún, nǹkan bí 14 ni ó ń mú lọ́dún ní Ìbàdàn, 32 láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ti ọ̀hún. Ó kéré lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé iSupport jáde, ẹ̀kọ́ fún àwọn tí ń tọ́jú irú àgbà bẹ́ẹ̀. Apá kan rẹ̀ dá lórí bí olùtọ́jú yóò ti tọ́jú ara rẹ̀. Àṣà wa kò ka ìyẹn sí: ìyàwó ilé a máa ṣe é títí yóò fi dùbúlẹ̀, a ó sì máa yìn ín.

Ẹ kọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ yín kí ó má bá ìyá jiyàn, kí ó bi í léèrè irú ènìyàn tí ọkọ rẹ̀ jẹ́. Ẹ sì fún un ní ọjọ́ ìsinmi.