Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Tó Ń Bu Omi Gọ́tà Wò

Ẹni tó bá ń ná ọjà Sandgrouse ní erékùṣù Èkó mọ̀ pé àwọn ìyá tó ń ta edé àti akàn níbẹ̀ kì í gba ọjà tó ti bàjẹ́. Wọn á wò ó, wọn á gbóòórùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáírọ́ọ̀sì ò lóòórùn. Àwọn tó ń bá wa ṣọ́ ọ la fẹ́ kan sáárá sí.

Iṣẹ́ wọn kì í ṣe iṣẹ́ afínjú. Láàárọ̀ kùtù, òṣìṣẹ́ ìlera á wọ ìbọ̀wọ́, á sọ korobá olókùn sínú gọ́tà tí gbogbo àdúgbò ń da ìgbẹ́ sí, á bu lítà kan sínú ìgò, á tì í sáàárín yìnyín nínú kúlà. Ó di láàbù rọpárọsẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kánò ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ yìí ní Nàìjíríà lọ́dún 2011. Ní 2019, omi gọ́tà Èkó náà tú àṣírí fáírọ́ọ̀sì rọpárọsẹ̀ oríṣi kejì, èyí tó yí padà láti ara àjẹsára. Nígbà tó fi di oṣù kẹjọ 2020, wọ́n kéde pé ojúlówó rọpárọsẹ̀ (wild polio), tí kì í ṣe ti àjẹsára, ti kúrò ní Áfíríkà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbin nítorí ọmọ ọlọ́mọ, ẹ kú ewu. Àrùn tí ẹ ń lé kò ní mọ ilé yín.

Omi gọ́tà yẹn náà ló ń ṣàn sí ọ̀sà, níbi tí ọ́ísítà (oyster) ti lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi, tó ń sẹ́ omi bí ìgbà tí èèyàn ń sẹ́ ògì. Ohun tó wà nínú omi á sì kù sí i nínú. Ní Shanghai lọ́dún 1988, nǹkan bí 300,000 èèyàn ni hepatitis A, àrùn ẹ̀dọ̀ tí fáírọ́ọ̀sì ń fà, mú nítorí ẹran inú ìkarahun tí kò jinná. (Iná ló ń gba ará Èkó là, ata kọ́.)

A ò bẹ̀rẹ̀ láti òfo: olùwádìí A. M. Ajana ti kọ̀wé lórí ọ́ísítà agbègbè Èkó láti 1980, NIOMR, iléeṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, sì ti wà láti 1975, ní Victoria Island níbí. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ìgò àti kúlà náà máa dé ibi tí wọ́n ti ń sin ọ́ísítà àti ibi tí wọ́n ti ń kó o. Kí wọ́n má wá bakitéríà nìkan: omi mímọ́ máa ń tètè fọ ìyẹn kúrò lára ọ́ísítà, fáírọ́ọ̀sì kì í tètè lọ. Kí ìjọba sì máa san owó àwọn tó ń bu omi náà lásìkò.